Nílé Nìkan Ló Ti Ń Sọ̀rọ̀

Nílé, lórí tábìlì ìdáná, kò sóhun tó ń ṣe é.
Ìwé ìṣirò àwọn ọlọ́kọ̀-akàn á lọ, á bọ̀,
kí omi tóó hó.
Ṣùgbọ́n Bàbá ń bá rédíò jà:
ó ń dá asọ̀rọ̀ lóhùn, ó ń bú rẹfirí,
ohùn rẹ̀ ń gbọn fèrèsé ju afẹ́fẹ́ Punta Arenas lọ.
Mo bá ká kọ̀ǹpútà alágbèéká mi,
mo fi ìborùn wé e, mo jáde.

Ilé ìkàwé. Àmì wáì-fáì là bí abẹ̀bẹ̀.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Abẹ̀bẹ̀ ṣá.
Mo pa á, mo tàn án.
Mo ní kó gbàgbé orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà pátápátá
bí ẹni ń gbàgbé ọkọ àárọ̀,
mo tún fi wọ́n mọra lákọ̀tun,
mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Señora Oyarzún nídìí káńtà ní,
"Ti gbogbo èèyàn mà ń ṣiṣẹ́ o."
Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí wọn.
Ọmọ iléèwé kan ń wo fídíò ológbò, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ilé kọfí tó kọjú sétíkun:
ojú ewé tí a ó ti gbà fún òfin wọn kò yọjú.
Mo dúró dè é bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ tó ti rì.
Nígbà tó yọ, mo gbà, mo gbà, mo tún gbà,
mi ò ka òfin kankan.
Ó wọlé. Ó jáde.
Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.
Mo ní bóyá ògiri ni, páànù ni wọ́n fi kọ́ ọ;
mo kúrò nídìí ògiri.
Mo ní bóyá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń móúnjẹ gbóná ni;
mo dúró títí Nelda fi yọ búrẹ́dì kúrò nínú rẹ̀.
Mo ní bóyá èmi ni.
Kọfí kẹta. Owó ẹran ọ̀la ti lọ.

Aago mẹ́rin kọjá. Àwọn ọlọ́kọ̀ fẹ́ gbàwé wọn ní márùn-ún.
Mo wọ takisí lọ sí Tres Puentes,
níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Porvenir,
mo di kọ̀ǹpútà mọ́ra bí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Àárín gbọ̀ngàn ni mo jókòó sí,
kí n má baà tún rí ògiri bá wí.
Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ fi ọ̀pá kan bàtà mi:
"Ẹ sún díẹ̀."
Mo sún. Mo sún dé kọ̀rọ̀, nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan
tí ẹnì kan ti fi ṣingọ́ọ̀mù lẹ̀ létí.
Bátìrì ti ń lọ; mo ki ṣájà bọ̀ ọ́.

Abẹ̀bẹ̀ là.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mẹ́fà. Mẹ́wàá.
Mo yọ ṣájà: ó ṣá.
Mo kì í padà: ó là.
Mo tún yọ ọ́.
"Kí lẹ ń ṣe gan-an?" obìnrin náà bi mí.
Mo ní, "Ẹ dúró ná. Ó ń sọ nǹkan fún mi."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.
Mo wọ inú ètò rẹ̀, ìlẹ̀kùn lẹ́yìn ìlẹ̀kùn,
mo bá ìlà kékeré kan nísàlẹ̀ pátápátá:
bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀, kó máa di etí ara rẹ̀,
kí agbára má baà tètè tán.
Kò ṣàìsàn. Ó ń ṣọ́wó ná ni.
Mo pa ìlà náà.
Ìwé ìṣirò lọ ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú méjì.

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti rántí Bàbá
nílé ìwòsàn, lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Dókítà bi í pé níbo ló ń dùn ún.
Ó wo ilẹ̀. Ó wo fìlà ọwọ́ rẹ̀.
Èmi ni mo dáhùn gbogbo rẹ̀, mo sì ṣì í sọ.
Agídí ni mo pè é lọ́jọ́ náà.

Mo ṣílẹ̀kùn. Ó ń bú rẹfirí.
Mo fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò bọ́ kóòtù.
"Bàbá," mo ní, "orúnkún wo gan-an ni?"